Ìka Méjì Tó Dín Lára Ọ̀pá Bàbá

Ẹ̀rín ló kó Mọ́rìlíátù wọ wàhálà ìfẹ́. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn máa ń rí ọkùnrin lójú kí ọkàn wọn tó fà sí i. Ní ti Mọ́rìlíátù, ìṣirò tí ọkùnrin náà kọ ló kọ́kọ́ rí, ó sì fi ẹni tó kọ ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, ní ọdún kejì tí ẹgbẹ́ òṣèlú di púpọ̀ ní Niamey, olú ìlú Niger, tí àwòrán àwọn olùdíje kún ara ògiri àdúgbò Dar es Salam débi pé àwọn ewúrẹ́ ti ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Mọ́rìlíátù jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá rẹ̀, Àlàájì Mùsílíù ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Niamey ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ èdè Zarma bí ẹni ń mumi, kò sì sí aṣọ tí wọ́n lè jù sí i lọ́wọ́ tí kò ní mọ ibi tó ti wá. Àbúrò rẹ̀ Sùmáyà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ilé ìwé dé. Ó na gbọọrọ sórí ìdì aṣọ, ó ń ka ìwé kan, kò sì gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lò ń kà tí etí rẹ fi di?" Mọ́rìlíátù bi í.

"Ìṣirò ni."

Mọ́rìlíátù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Sùmáyà kan náà tí ìyá wọn máa ń lé kiri ilé kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ìṣirò! Ó gba ìwé náà wò. Ìwé kékeré ni, òwú télọ̀ ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn àwòrán olùdíje tó ṣẹ́kù sí ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bí èèyàn bá ṣí ojú ìwé kan, á rí etí olóṣèlú lódìkejì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní iwájú, àrà ni. Kí ló dé tí omi inú àmù fi ń tutù nígbà tí oòrùn ń jó? Báwo lo ṣe lè mọ bí ilé gogoro mọ́sálásí ṣe ga tó láì gùn ún? Àwòrán wà níbẹ̀ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ọmọ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìbéèrè kan náà ló sì ń parí gbogbo ojú ìwé: *Kí lo gbàgbé láti kà?*

Mọ́rìlíátù rántí bí wọ́n ṣe kọ́ òun ní ìṣirò nílé ìwé Faransé, pẹ̀lú pàṣán lórí tábìlì. Ó dùn ún pé òun kò bá irú ìwé yìí pàdé nígbà náà. Ó ń ṣí i lọ bẹ́ẹ̀, ó sì kan èyí: *Ìyá Kúdí ra yáàdì aṣọ mẹ́ta. Ó rán ìró, ó rán bùbá, ó gé gèlè, yáàdì kan sì ṣẹ́kù. Yáàdì mélòó ló lò?*

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú ìwé mi?"

Ọkùnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹfun ìkọ̀wé wà lápá aṣọ rẹ̀. Sùmáyà fò dìde. "Tíṣà wa nìyí!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Mọ́rìlíátù nu ojú. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ ò tíì níyàwó."

Ẹnu ya ọkùnrin náà. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwé yín ló sọ ọ́. Ìṣirò yín pé, aṣọ yín ni kò tó. Yáàdì méjì! Obìnrin wo ló fi yáàdì méjì rán ìró àti bùbá, tó tún rí gèlè gé níbẹ̀? Àfi tí Ìyá Kúdí bá jẹ́ bèbí."

Ó rò pé yóò bínú. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀wé tí òun mọ̀ kì í gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ. Eléyìí fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó yọ bírò. "Mélòó ni kí n kọ?"

"Mẹ́fà ni kí ó rà, tó bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹ́kù."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó ní, "O ṣeun. Ìwé igba ló ti jáde pẹ̀lú àṣìṣe yìí, kò sì sẹ́ni tó rí i." Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó bá wá. Ó fẹ́ yáàdì méjì aṣọ funfun tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ nípa òjìji.

Àlàájì Mùsílíù fúnra rẹ̀ ló wọn ọn. Ó na aṣọ mọ́ ọ̀pá igi tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ọ̀pá parí sí, ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo oníbàárà láti ọjọ́ tó ti dé Niamey. "Ọ̀pá ni ti òwò, ọwọ́ ni ti èènì," ló máa ń wí.

Hàkímù ni orúkọ tíṣà náà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Harobanda ní òdìkejì odò ló ń gbé, takisí ló sì ń gbé e kọjá afárá pẹ̀lú àpò ìwé lórí itan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá ra aṣọ funfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọjọ́bọ̀ kejì. Yóò ra yáàdì kan, yóò yọ ìwé tó ń kọ lọ́wọ́, yóò ní, "Bá mi wò ó, kí lo gbàgbé?" bíi pé Mọ́rìlíátù ló kọ ọ́. Mọ́rìlíátù á ní ọmọ tó ń pọn omi nínú àwòrán yìí kò ní òṣùká lórí. Á ní kò sí ẹni tó ń pe nǹkan yìí bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Hàkímù á tún un ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọmọbìnrin kan ti wọnú ìwé náà tó máa ń bi gbogbo àgbà ní ìbéèrè, tó sì ń fi ọwọ́ kan di gèlè rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún Mọ́rìlíátù ẹni tó jọ.

Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá rẹ̀, kò kúkú fọ́jú. "Mọ́rì, aṣọ funfun tí tíṣà yìí ti rà, ó tó wọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Òjìji ta ló ń wá gan-an?"

Ọjọ́ kan ni Hàkímù gbé aṣọ tó rà sórí tábìlì, kò ṣí àpò. "Mọ́rìlíátù, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí n kò nílò aṣọ mọ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń tà á fún mi?"

"Bí n kò bá tà á, kí lẹ fẹ́ máa wá ṣe?" Ó sọ ọ́ tán ni ojú tì í, ó fi etí gèlè bo ẹnu. Hàkímù ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun sì fẹ́ kó jẹ́ aya òun. Ó sọ ọ́ tààrà, bó ṣe ń kọ ìwé rẹ̀. Inú Mọ́rìlíátù dùn débi pé ó wọn yáàdì mẹ́rin fún ẹni tó béèrè mẹ́ta lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Sànúsí, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní ìlú Maradi. "Tíṣà?" ni Àlàájì wí. "Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀lọ́ fún ọmọdé? Kí ni yóò fi bọ́ ẹ, òjìji?" Oṣù méjì ni Àbẹ̀ẹ́bí fi bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní ó dáa, kí àwọn èèyàn Hàkímù wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí òun gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Mọ́rìlíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ìwé tuntun Hàkímù jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. *Ọ̀pá Ta Ló Gùn Jù?* ni orúkọ rẹ̀. Mọ́rìlíátù ló fún un lóye, òun ló sọ fún un pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní ọ̀pá tirẹ̀. Ìwé náà ní kí ọmọ mú rúlà ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kó wọn ohun gbogbo tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nílé, ìbáà ṣe ìgbésẹ̀ bàbá tàbí ìka ìyá àgbà. Ó ní yáàdì kan gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju rúlà mẹ́ta lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán, ṣọ́ọ̀bù kún fún èèyàn, àwọn àgbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ méjì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Sùmáyà tẹ́ ọ̀pá bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé rúlà lé e, ó wọn ọn lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọn. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan.

"Bàbá! Wallahi, ọ̀pá yín kúrú! Kò tó rúlà mẹ́ta! Ó fi ìka méjì dín sí yáàdì!"

Obìnrin Zarma kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wúkọ́. Àlàájì mú ọ̀pá náà, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, níbi tí ìdérí irin ti yọ kí wọ́n tó bí Mọ́rìlíátù, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ rẹ́ ibẹ̀ kó má baà máa fa aṣọ ya. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ní kí ọjà parí, ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Nílé, ó pe Mọ́rìlíátù. "Ẹni tó rán ọmọ mi níṣẹ́ kó pè mí lólè lójú ọjà kò ní jẹ́ àna mi. Kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Àìkú. Kí wọ́n má wá mọ́ láé."

"Bàbá, kò mọ̀ pé..."

"Mo ti sọ ọ́."

Ká ní ìbínú nìkan ni, Mọ́rìlíátù ìbá mọ bí yóò ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá kírun Àsárì tán, kì í dìde lórí ẹní. Mọ́rìlíátù gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Àbẹ̀ẹ́bí, o mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nípa àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ìdérí yẹn ti yọ! Ibo ni mo ti fẹ́ rí gbogbo wọn kí n tọrọ àforíjì?" Mọ́rìlíátù sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó nífẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ọ̀rọ̀ ọ̀pá wọ inú ìwé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó pàdé Hàkímù lẹ́sẹ̀ afárá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ewébẹ̀. Ọkùnrin náà ti rù.

"Màá gba gbogbo ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ," ó ní. "Màá dáná sun ún. Màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, màá ní irọ́ ni mo kọ."

"Ẹ má dán an wò!" Ẹnu ya Mọ́rìlíátù sí ohùn ara rẹ̀. "Sùmáyà ń ṣe ìṣirò láìsí ẹni tó lé e. Ìwé yín ló ṣe é. Ẹ wá fẹ́ sọ fún un pé nítorí pé ó wọn nǹkan dáadáa lẹ ṣe sun ún? Ìwé yẹn ò parọ́, Bọ̀dá Hàkímù. Ọ̀pá yẹn kúrú."

"Kí ni ká ṣe, nígbà náà?" Hàkímù na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mọ́rìlíátù fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ tó nà sí i. Ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Hàkímù fi fẹ́ ká ọwọ́ kò.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Ó ka ìka mẹ́rin. "Kí lẹ máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé?"

"Kí lo gbàgbé láti kà?"

"Ọwọ́ Bàbá ni. A ka ọ̀pá, a ò ka ọwọ́."

Ojú Hàkímù là, àfi bí ojú ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ̀ ni ẹ̀rù tún ń ba Mọ́rìlíátù. Bí àtẹ́lẹwọ́ náà kò bá tó ńkọ́? Bí wọ́n bá tún un wọn tí ó sì tún dín, tí wọ́n fi iyọ̀ sójú egbò bàbá òun? Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹni tó mọ̀.

Ìdrìsù télọ̀ ni wọ́n lọ bá, ọ̀rẹ́ Àlàájì tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ogún ọdún ni mo ti mọ̀ pé ọ̀pá yẹn kúrú."

"Bàbá Télọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?"

"Kí ni n bá sọ? Gbogbo aṣọ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ bàbá rẹ, iwájú mi níbí ló ń bọ̀. Téèpù mi kò bá a dín rí." Ó fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó dà á sílẹ̀. Ègé aṣọ ni, oríṣìíríṣìí, kò sí èyí tó fẹ̀ ju ọwọ́ lọ. "Èènì bàbá rẹ nìyí, èyí tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo bá ránṣọ tán. Àwọn oníbàárà kì í gbà á, ìyẹn ni mo fi ń rán fìlà fún àwọn ọmọ kéú."

Hàkímù dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe alárinà fún àwọn. Ìdrìsù mi orí. "Bí mo bá fẹnu sọ ọ́, yóò ní ọ̀rẹ́ ń tan òun ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìdrìsù wọlé tọ Àlàájì Mùsílíù nínú yàrá tó ń kó aṣọ pamọ́ sí nílé, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ní òun fẹ́ yáàdì mẹ́fà.

"N kì í ta aṣọ mọ́."

"Èmi ni mo fẹ́ rà á. Ọ̀pá rẹ àtijọ́ ni kí o sì fi wọn ọn, bí o ṣe ń wọn ọn fún gbogbo ayé."

"Ìdrìsù, ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Mùsílíù, ṣé mo ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rí?"

Àlàájì mí kanlẹ̀. Ó mú ọ̀pá tó gbé wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ́rìlíátù di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ na aṣọ, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó na aṣọ, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ìgbà mẹ́fà, láì ronú, nítorí ọwọ́ kì í gbàgbé. Ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ ìkẹfà ló ti gé e. Nígbà tí Ìdrìsù tú téèpù sílẹ̀, Àlàájì dá a dúró. Ó wo igun yàrá, níbi tí Sùmáyà ti fara pamọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀.

"Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Mú rúlà rẹ wá, kí o parí rẹ̀."

Sùmáyà wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó fi rúlà wọn ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ìdrìsù ń fi téèpù tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yọ yáàdì mẹ́fà kúrò, ó tún un ṣe nítorí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Bàbá, kò dín. Ìka méjì ni ọ̀pá ń yọ, ìka mẹ́rin ni ọwọ́ yín ń fi sí i. Yáàdì mẹ́fà yìí... ó fi ìka méjìlá lé."

Àlàájì Mùsílíù jókòó sórí ìdì aṣọ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Àlùhámúdùlílàhì," ló wí, ó tún un wí. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ní kí ẹ ka ọwọ́ mọ́ ọn?"

"Ìwé ni, Bàbá," Mọ́rìlíátù dáhùn. "Ó ní ká wo ohun tí a gbàgbé láti kà."

"Ìwé wo?"

"Ìwé kan náà."

Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Ìdrìsù tó ń ṣe bíi pé téèpù ló gba gbogbo ọkàn òun. "Ẹ sọ fún tíṣà kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá," ó ní. "Kó mú ìwé náà dání. Mo fẹ́ kó ya ọwọ́ mi síbẹ̀."

Wọ́n wá, wọ́n tọrọ Mọ́rìlíátù, wọ́n sì rí i gbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá tí wọn yóò so yìgì nígbà tí Àlàájì pe Hàkímù sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá àtijọ́ ti wà lára ògiri, ọ̀pá tuntun tó pé pérépéré wà lórí tábìlì pẹ̀lú léèsì aláwọ̀ ewé tí ìyàwó yóò wọ̀.

"Tíṣà, yáàdì mélòó lobìnrin ń rà fún ìró, bùbá àti gèlè?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Mọ́rìlíátù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Àlàájì na léèsì mọ́ ọ̀pá. Nígbà tó dé òpin, kò tẹ ọwọ́ lé e. Ó sún sẹ́yìn. "Wá gbé tìrẹ lé e."

Hàkímù tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ náà. Rúlà Sùmáyà ti dé ibẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ọwọ́ Tíṣà tóbi o! Ó fi ìka kan ju tiyín lọ. Ṣé kó ká a kò?"

Àlàájì Mùsílíù wo ọwọ́ náà. Ó wo Mọ́rìlíátù. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó nà án sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó sì dá Sùmáyà lóhùn.

"Má jẹ́ kó ká nǹkan kan kò. Ọmọ mi ló ń wọn aṣọ fún."